Lórí orúkọ ìpàdé àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwíà inú ẹ̀rọ: “ọ̀fẹ́”, “orísun ṣíṣí” àti “àbímọ́”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan fẹ́ máa pàdé lóòrèkóòrè ní agbègbè wọn, wọ́n sì ní kí a bá wọn fi Yorùbá kọ ìwé ìpè. Sọ́fítíwíà tí ń gbé inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, inú ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, àti inú bíréèkì ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ, wọ́n a sì máa gbé ohun tí wọ́n kọ síta kí ẹlòmíràn lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in. Orúkọ tí ẹni àkọ́kọ́ dá lábàá ni “Ìpàdé Àwọn Olùdásílẹ̀ Sọ́fítíwíà Ọ̀fẹ́ Inú Ẹ̀rọ”. Ẹnì kejì ní kí “orísun ṣíṣí” rọ́pò “ọ̀fẹ́”, ẹnì kẹta sì ní “àbímọ́” ni kí a lò dípò “inú ẹ̀rọ”. Mo ka àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọ̀kankan, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹjú mọ́, wọn kò wo iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe.

“Ọ̀fẹ́” ni ó wúwo jù lójú mi. Nígbà tí Richard Stallman, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ GNU, ìyẹn àkójọ sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè lò kí ó sì tún ṣe, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, “free” ni ọ̀rọ̀ tí ó lò, ó sì ní ìtumọ̀ méjì ní Gẹ̀ẹ́sì: ohun tí a kò gba owó lé lórí, àti ohun tí kò sí nínú ìdè. Ìtumọ̀ kejì ni ó ní lọ́kàn, ti àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́. Àṣìgbọ́ yìí wà lára ohun tí ó mú kí Christine Peterson dá “open source”, tí wọ́n ń túmọ̀ sí “orísun ṣíṣí”, lábàá ní oṣù kejì ọdún 1998, tí àjọ Open Source Initiative sì fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà. Wàhálà Gẹ̀ẹ́sì ni èyí, kì í ṣe tiwa. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ya “ọ̀fẹ́” kúrò lára “òmìnira”: ẹni tí a fún ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ mọ̀ pé owó ni a kò gbà lọ́wọ́ òun, kò túmọ̀ sí pé a fún òun láṣẹ láti tú u palẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí a ń sọ yìí gan-an, àṣìṣe náà ní ojú méjì. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ìfọṣọ kì í san owó ọ̀tọ̀ fún sọ́fítíwíà inú rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà lè tì í pa mọ́ ọn lójú. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí òfin tí ó ní kí ẹni tí ó gbé kóòdù rẹ̀ síta má tà á.

“Orísun ṣíṣí” bọ́ nínú ọ̀fìn yẹn, ó sì kó sí òmíràn. Orísun ni ibi tí omi ti ń sun jáde, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ níhìn-ín ni ohun tí oníṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ènìyàn lè kà, kí a tó yí i padà sí òǹkà tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́. Bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá ka “orísun ṣíṣí”, kí ni yóò rí dì mú nínú rẹ̀? Àwọn oníṣẹ́ náà kò pe ohun tí wọ́n ń kọ ní orísun rí. “Kóòdù” ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà ni mo ṣe dá “sọ́fítíwíà oníkóòdù-gbangba” lábàá. Àwọn àgbà ní gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí ó fi hàn pé ohun tí ó bá wà ní gbangba ti pe ẹlòmíràn wá wo òun. Mo mọ̀ pé àtakò kan wà: gbangba sọ pé a rí i, kò sọ pé a lè tún un ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n “open” náà kò dá a sọ, ìdí sì nìyí tí àjọ tí mo dárúkọ lókè fi ní láti to ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀ láti là á yé ènìyàn. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi lọ́tọ̀ pé “àjùmọ̀ní” yóò dára jù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nínú òfin: ẹni tí ó kọ kóòdù ni ó ṣì ni ín, agbára oníǹkan yìí gan-an ni ó sì fi ń fún àwọn yòókù láṣẹ.

Ní ti “inú ẹ̀rọ”, tí wọ́n fi túmọ̀ “embedded”, sọ́fítíwíà wo ni kò sí nínú ẹ̀rọ? Ohun tí ó ya tiwọn sọ́tọ̀ ni pé wọ́n fi í sínú ohun èlò tí ó ní iṣẹ́ kan pàtó, tí ẹni tí ń lò ó kì í sábà mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kankan wà níbẹ̀. Gírámà wa ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ìbáṣepọ̀ báyìí. A ń pe gbólóhùn tí a fi gbólóhùn mìíràn bọ inú rẹ̀ ní gbólóhùn oníbọ̀, ọmọ ilé ìwé gírámà sì mọ̀ ọ́n. “Sọ́fítíwíà àfibọ̀” yóò bá a mu láìsí pé a ń wá ọ̀rọ̀ kiri.

Mo lòdì sí “àbímọ́” pátápátá, nítorí pé ohun tí a bí mọ́ni kò ṣeé bọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn ènìyàn kan ṣàkíyèsí pé Linux, sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ tí ń darí kọ̀ǹpútà, ni ó wà nínú WRT54G, ẹ̀rọ Linksys tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Ìwé àṣẹ GPL tí ó de Linux sọ pé ẹni tí ó bá pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tí ó gbà á rí kóòdù rẹ̀ gbà pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ náà gbé kóòdù jáde, orí rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ OpenWrt, sọ́fítíwíà tí a lè fi rọ́pò èyí tí ó wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2004. Ohun tí a fi bọ̀ ṣeé yọ, ó sì ṣeé pààrọ̀, ìdí nìyẹn tí irú ìpàdé yìí fi wà rárá.

“Olùdásílẹ̀” jẹ́ ti ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kò dá nǹkan sílẹ̀, wọ́n ń tún ohun tí ó ti wà ṣe ni. “Oníṣẹ́” tó wọn, bí a ti ń sọ oníṣẹ́ irin. Kí a má sì ṣe sọ ọ́ di “òṣìṣẹ́”, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò gba owó oṣù lórí rẹ̀. “Ìpàdé” dára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nínú ìwé ìpè náà, nítorí pé òun ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ jíròrò. Wọ́n túmọ̀ “real-time” sí “àkókò gidi”, bí ẹni pé àkókò kan wà tí kì í ṣe gidi. Ohun tí wọ́n ń sọ ni sọ́fítíwíà tí ó dájú pé yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ kí gbèdéke tó kọjá. Àpò afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wú láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Bí ó bá pẹ́, kò wúlò mọ́, bí ó tilẹ̀ wú dáadáa. Iṣẹ́ yìí ṣòro tó bẹ́ẹ̀ tí PREEMPT_RT, tí wọ́n fi ń fún Linux ní irú ìdánilójú yìí, fi lo nǹkan bí ogún ọdún kí ó tó wọ inú Linux gan-an ní ẹ̀dà 6.12, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Àbá mi ni “sọ́fítíwíà àìgbọdọ̀pẹ́”, tí mo gbé ka orí “àìgbọdọ̀máṣe” tí gbogbo wa mọ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ìyísódì méjì wà nínú “àìgbọdọ̀máṣe”, tí ó fi di ọ̀ranyàn, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni ó wà nínú “àìgbọdọ̀pẹ́”, tí ó fi di èèwọ̀: kò gbọdọ̀ pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó pé “àìgbọdọ̀máyá” ni ó yẹ, ìyára kọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ tí ó lọ́ra ṣùgbọ́n tí kì í kọjá gbèdéke rẹ̀ wà lára wọn, èyí tí ó ń yára lọ́pọ̀ ìgbà tí ó sì ń kọjá gbèdéke lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò sí lára wọn.