Gbèsè Amẹ́ríkà: ṣé àdéhùn tí wọ́n ń ṣe yìí tiẹ̀ ń dín nǹkan kan kù?

Àdìó_Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ní 2011 òdiwọ̀n gbèsè wọn, ìyẹn iye tí òfin gbà kí ìjọba jẹ ní gbèsè dé, jẹ́ 14.3 tírílíọ̀nù dọ́là, wọ́n fa ọ̀rọ̀ yẹn títí ọkàn gbogbo ayé fi dúró, wọ́n ní àwọn ti fẹnu kò. Ní 2023 ó ti di 31.4, wọ́n tún fà á, wọ́n tún ní àwọn ti fẹnu kò. Kí ni wọ́n wá ń fẹnu kò lé lórí gan-an, àti pé ta ló ń forí fá a?

Bàbá_Ìbejì_Maryland: Àdìó, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé ẹ ni pé òdiwọ̀n yẹn kì í ṣe àyè láti lọ ná owó tuntun o, owó tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àwọn aṣòfin, fúnra wọn ti fọwọ́ sí ni. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí bá ra aṣọ láwìn, wọ́n ti wọ̀ ọ́ jó lóde tán, wọ́n wá ń ṣèpàdé bóyá káwọn san owó aláṣọ.

Ní 2011 pátì Republican ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ilé Aṣojú ni, John Boehner lolórí, wọ́n ní àfi kí Obama, ààrẹ ìgbà yẹn tó jẹ́ Democrat, gé ìnáwó. Obama ní kò burú, ṣùgbọ́n káwọn olówó náà san owó orí sí i. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún ara wọn kí gbogbo ẹ̀ tó dàrú lóṣù keje. Òfin tí wọ́n wá buwọ́ lù lọ́jọ́ kejì oṣù kẹjọ, gígé nìkan ló wà níbẹ̀, owó orí ò sí ńbẹ̀ rárá. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12, mẹ́fà mẹ́fà látinú pátì méjèèjì, lọ wá ó kéré tán 1.2 tírílíọ̀nù sí i, tí wọn ò bá rí i, kí gígé tipátipá bẹ̀rẹ̀, ìdajì gígé yẹn látinú owó ológun, ìdajì látinú nǹkan yòókù. Wọ́n rò pé ìyẹn burú débi pé kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Wọ́n jókòó títí di oṣù kọkànlá, wọ́n tú ká lọ́wọ́ òfo, nígbà tó di March 2013, ó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba lèmi ń ṣe nígbà yẹn. Wọ́n pè wá wọ yàrá ní kọ̀ọ̀kan, wọ́n na lẹ́tà sí wa pé ká máa jókòó sílé láwọn ọjọ́ kan láìsanwó, ìsàlẹ̀ ẹ̀ lo máa buwọ́ lù pé o ti gbà á. Oṣù yẹn èmi ni mo ń gba owó èsúsú wa, àwọn ọ̀gá mi méjì ò rí tiwọn dá. Àwa yẹn la forí fá a.

Màmá_Tọ́pẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrírí. Ti 2023 tí Biden, ààrẹ ìgbà yẹn, àti McCarthy, Republican tó jẹ́ olórí Ilé Aṣojú nígbà yẹn, ṣe náà, ẹ wo ẹni tí wọ́n fi kan: èèyàn tí ò ní ọmọ nílẹ̀ tó ń gba fúùdù sítáǹpù (owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún tálákà), tẹ́lẹ̀ tó o bá ti kọjá 49 wọn ò ní bi ẹ́ léèrè iṣẹ́, wọ́n gbé e dé 54. Obìnrin ẹni ọdún 53 tí eékún ń dùn, tí ò dẹ̀ níwèé dókítà! Wọ́n tún gé 1.4 bílíọ̀nù nínú owó àwọn tó ń gbowó orí, CBO tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣírò sì sọ pé ìyẹn máa fi kún gbèsè ni nítorí owó orí tí wọn ò ní rí gbà máa ju èyí tí wọ́n gé lọ. Inú bí mi sí ìyẹn gan-an.

Ọmọ_Ọ̀fà: Màmá, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Àdéhùn yẹn náà ló yọ àwọn tí ò nílé àti àwọn tó ti ṣe sójà kúrò nínú òfin iṣẹ́ yẹn, CBO ọ̀hún ló sọ pé owó oúnjẹ yẹn máa lọ sókè ni lápapọ̀. Bí wọn ò bá fẹnu kò ńkọ́, tí owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó ò wọlé? Ẹni tó bá sì gbà fún ọ̀tá lórí ọ̀rọ̀ owó níbí, ó máa ń jìyà ẹ̀. Bush bàbá, Republican tó ń dupò ààrẹ, ṣèlérí ní 1988 pé kò ní sí owó orí tuntun, ní 1990 ó gbà fáwọn Democrat torí gbèsè, ní 1992 wọ́n fìbò lé e lọ. Àdéhùn yẹn, pẹ̀lú ti Clinton ní 1993 àti ọrọ̀ ajé tó ń dáa, wà lára ohun tó jẹ́ kí owó ṣẹ́ kù láti 1998 dé 2001. McCarthy náà, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn àdéhùn 2023 ni wọ́n yọ ọ́ nípò, ó wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Àdìó_Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ó tún ń bọ̀ ni?

Bàbá_Ìbejì_Maryland: July 2025 wọ́n gbé òdiwọ̀n yẹn sókè ní 5 tírílíọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, àwọn Republican nìkan ló dá a ṣe, inú òfin tó dín owó orí kù ni wọ́n fi í sí, CBO ní òfin yẹn máa fi 3.4 tírílíọ̀nù kún gbèsè láàárín ọdún mẹ́wàá. Ọ̀fà, ibi tí mo ti gbà fún ẹ nìyẹn. Ní 2011 àti 2023, wọ́n ṣì jókòó pọ̀, wọ́n gé nǹkan kan. Owó èlé nìkan ti ju owó ológun lọ ní 2024, pátì méjèèjì dẹ̀ mọ̀.