Páráṣúùtì àfipamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tú wò láti ọdún mẹ́ta: ṣé mo lè gbé e fò?

Ọmọ Òkè kọ ọ́ pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ nínú eré páráglaidì, ìyẹn fífi ìyẹ́ aṣọ fò láti orí òkè. Ìlú Sheffield ni mo ń gbé, ọdún tó kọjá ni mo sì gba ìwé ẹ̀rí BHPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi páráglaidì fò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fún mi láyè láti máa fò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Orí òkè Bradwell Edge àti Mam Tor ni mo sábà máa ń lọ. Láìpẹ́ yìí ni mo ra háńẹ̀sì àlòkù, ìyẹn àga alókùn tí a ń jókòó sí lábẹ́ ìyẹ́, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti fi eré náà sílẹ̀, páráṣúùtì àfipamọ́ olóbìírí kan, èyí tí a ń jù bí ìyẹ́ bá kọ̀ lójú ọ̀run, sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ ọdún 2018 sí lára. Ìwé pélébé tó bá a wá fi hàn pé ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti tú u wò kẹ́yìn. Ẹni tó tà á fún mi ní òun kò jù ú rí, àti pé nítorí náà, bí tuntun ni ó ṣe rí.

Ṣé òótọ́ ni pé kò nílò àtúnká nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó? Bí ó bá sì nílò rẹ̀, ṣé mo lè fi fídíò kọ́ ọ, kí n ká a fúnra mi nínú yàrá? Ohun kejì tí ń dẹ́rù bà mí ni pé n kò mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn jù ú, ó sì ń ṣe mí bíi pé okùn ìyẹ́ mi ni n óò jù ú sí.

Àṣá Àgbà fèsì pé:

Ẹ kú ìnáwó o. Ọ̀rọ̀ “n kò jù ú rí” tí ẹni náà fi tajà gan-an ni ó yẹ kó kọ yín lóminú. Aṣọ náìlọ́ọ̀nù tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra wọn nínú àpò fún ọdún mẹ́ta a máa lẹ̀, kì í sì í tètè là bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi di okùn rẹ̀ a máa gbẹ tàbí kó yọ́ mọ́ okùn lára. Velcro, ìyẹn aṣọ alẹ̀mọ́ra tí wọ́n fi ń pa àpò dé, tí ẹnikẹ́ni kò já láti ọjọ́ pípẹ́ a sì máa gan ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ni ó ní kí a máa tú u ká láàárín oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìlá, ọ̀pọ̀ wọn sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣe òpin ìlò rẹ̀, ì báà jẹ́ pé inú àpótí ni ó wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Èyí tí ẹ rà yìí kò ní pẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń ṣírò owó.

Ní ti kíká a fúnra yín, n kò sọ pé ẹ má kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi fídíò nìkan kọ́ ọ. Nígbà òtútù, àwọn ẹgbẹ́ wa níhìn-ín máa ń gba gbọ̀ngàn eré ìdárayá fún alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú a sì jókòó ti ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ gbé e lọ bó ṣe wà, kí ẹ jù ú níbẹ̀ kí ẹ tó tú u, nítorí pé ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ óò rí òótọ́ nípa ọdún mẹ́ta náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi í kọ́ ní yàrá gbígbẹ títí di ọjọ́ kejì kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀, kí ẹ sì yẹ aṣọ, okùn àti ojú rírán rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá ń ká a, okùn tín-ín-rín kan wà tí a máa ń gbà kọjá nínú àwọn ojóbó tó wà létí aṣọ náà, kí gbogbo rẹ̀ lè tò dọ́gba. Bí ènìyàn bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, páráṣúùtì náà kò ní là láéláé. Èmi a máa so àkísà pupa gígùn mọ́ tèmi, mo sì máa ń ka gbogbo ohun tí mo fi tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí mo bá parí. Bí mo bá kó márùn-ún wá, tí mo wá rí mẹ́rin, mo ti tú u palẹ̀ nìyẹn. Rọ́bà náà kì í ṣe ohun kékeré: èyí tó bá le jù yóò há okùn mọ́ra, èyí tó bá dẹ̀ jù yóò sì jẹ́ kí okùn tú ká kí ó tó nà tán. Irú èyí tí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ bá dárúkọ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí tí ó máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà ju kíká lọ ni bí páráṣúùtì àti háńẹ̀sì kò ṣe bára wọn mu. Bí ẹ bá fa ìdìmú rẹ̀, píìnì tó ti àpò háńẹ̀sì náà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ, kí fífà náà tó kan àpò inú tí páráṣúùtì wà nínú rẹ̀. Bí okùn tó so ìdìmú mọ́ àpò inú bá kúrú jù, ẹ óò máa fa àpò náà nígbà tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní títì, agbára yòówù kí ẹ ní. Ilẹ̀ kọ́ ni a ti ń dán èyí wò o. Ẹ fi háńẹ̀sì kọ́, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ sì fà á.

Afẹ́fẹ́ Lẹ́lẹ́ fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti kíká, ẹ jẹ́ kí n sọ ti jíjù. Mo lọ kọ́ bí a ṣe ń bọ́ nínú ewu ní Ölüdeniz ní ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń fò láti orí òkè Babadağ, tó ga tó mítà 1,969, wá sí orí òkun. Etí ìyẹ́ mi kan há sáàárín àwọn okùn rẹ̀, ìyẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí yí bìrí wálẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé nínú irú òòyì bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹni a máa wúwo bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń fà á. Mo na ọwọ́ sí ibi tí mo rò pé ìdìmú wà, okùn èjìká ni mo gbá mú! Olùkọ́ ń pariwo nínú rédíò pé kí n wò ó, mo wò ó, mo rí i, mo fà á, mo sì fi gbogbo ipá jù ú sí ojú ọ̀run tó ṣófo, lápá ibi tí kò sí ìyẹ́. Ẹ rántí láti jọ̀wọ́ ìdìmú náà, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dì í mú gírígírí nínú ìpayà.

Nínú òòyì, ènìyàn lè máa já bọ́ ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ọgọ́rùn-ún mítà kò ju ká ka ení dé èje lọ. Fún ìdí èyí, bí ilẹ̀ bá ti sún mọ́ tí ìyẹ́ kò sì gbọ́ràn mọ́, kí ẹ jù ú, ẹ má dúró tún ìyẹ́ ṣe. Bí ó bá ti là tán, ẹ fa ìyẹ́ náà mọ́ra kí ó má lè fò mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun àti páráṣúùtì yóò máa fà yín síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ óò sì máa yára bọ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. EN 12491, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún páráṣúùtì àfipamọ́, kò fẹ́ kí páráṣúùtì bọ̀ wálẹ̀ ju mítà 5.5 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì dà bí ẹni tó fò láti orí ògiri tó ga ní mítà kan àti ààbọ̀. Ẹ ṣe é bí iṣẹ́ ọwọ́: ní gbogbo ìgbà tí mo bá fò báyìí, mo máa ń fi ọwọ́ kan ìdìmú náà lẹ́ẹ̀mẹta láìwò ó.

Omi iyọ̀ ni tèmi bọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣàn án kí n tó sá a sí ibòji, nítorí pé oòrùn a máa ba náìlọ́ọ̀nù jẹ́.

Ará Accra fèsì pé:

Kí n fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ ṣírò ìwọ̀n ara yín pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí ẹ ń gbé fò, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó dé góńgó ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tó ní igun mẹ́rin kì í sábà mì síhìn-ín sọ́hùn-ún tó olóbìírí. Àwọn kan yóò fi Rogallo, èyí tó ṣeé darí, dán yín wò, ṣùgbọ́n ní tèmi, kò tíì kan ẹni tó ń fò fún ọdún kejì.

Ọmọ Òkè tún kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. N kò lè dúró de gbọ̀ngàn. Mo fi háńẹ̀sì náà kọ́ igi àjà gáréèjì ní alẹ́ àná, mo jókòó sínú rẹ̀, mo sì fa ìdìmú. Kò jáde. Mo tún fà á tagbáratagbára, igi àjà dún, kò jáde síbẹ̀. Ìyàwó mi ló tan tọ́ọ̀ṣì sí i lábẹ́: píìnì kan ti yọ, èkejì ṣì wà nínú ojóbó rẹ̀, okùn ìdìmú sì ti nà gan. Ó kù bí ìbú ìka méjì kí ó tó fa píìnì kejì. Mo ti fò ní Bradwell Edge nígbà mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣé mo lè rán okùn gígùn mìíràn mọ́ ọn?

Àṣá Àgbà fèsì pé:

Rárá o, ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe háńẹ̀sì náà, kí ẹ sọ irú páráṣúùtì tó wà nínú rẹ̀ fún wọn, wọn óò sọ ìdìmú tó bá a mu fún yín. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ wà nílé títí ìgbà náà, kí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn bó ṣe wà, kí àwọn tó kù lè rí i.