Mo jí bá ẹyẹ onígi lẹ́nu ọ̀nà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé abúlé Jámánì rí, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ọmọ Tuntun

Berlin ni gbogbo wa máa ń sọ. Èmi àti ọkọ mi ò gbé Berlin o. Abúlé kan nítòsí odò Elbe la wà, ní agbègbè Prignitz, ìpínlẹ̀ Brandenburg. Ọdún àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. "Guten Tag," ìyẹn ẹ káàsán, ó parí. Ẹni tó ń ro ọgbà rẹ̀ á gbójú sókè kí ọ, á tún dorí kodò. Kò sí ṣé ẹ jí ire, kò sí ilé ńkọ́. Mo ní àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà láyé.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, mo bímọ. Ọjọ́ kẹta la ti ọsibítù délé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀, ọkọ mi ṣílẹ̀kùn kó lọ da ìdọ̀tí nù, ló bá padà wọlé wéré. "Wá wo nǹkan."

Ẹyẹ kan ló dúró síwájú ilé wa. Pákó ni wọ́n fi ṣe é, ó ga jù mí lọ: ara funfun, ìyẹ́ dúdú, ẹnu pupa gbọọrọ, ó fi ẹnu gbé àpò aṣọ kan. Wọ́n so okùn láti ọrùn rẹ̀ dé ara igi ápù wa, wọ́n wá sá aṣọ ọmọ lórí okùn náà: ìbọ̀sẹ̀, fìlà, ṣòkòtò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aṣọ àlòkù, tí n ò mọ ọmọ tó wọ̀ ọ́!

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Tí mo bá jí bá ohun tí n ò gbé síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, àrokò ni, tí kò bá tiẹ̀ burú jùyẹn lọ. Mo ní kí ọkọ mi má fọwọ́ kàn án. Mo pe màmá mi ní Iléṣà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí fóònù kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Màmá àgbàlagbà tó kọjú sí wa ló wá tú u fún wa. Àkọ̀ ni ẹyẹ yẹn. Tí ọmọdé ilẹ̀ wọn bá béèrè ibi tí wọ́n ti rí àbúrò rẹ̀, wọ́n á ní àkọ̀ ló gbé e wá. Láyé àtijọ́, ọmọ tó bá ń fẹ́ àbúrò á gbé ṣúgà sójú fèrèsé fún un. Tí wọ́n bá bímọ nílé kan, aládùúgbò á gbé àkọ̀ onígi síbẹ̀ lóru. Aṣọ tí mo ń sá fún, ara àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n ti bọ́ ọ, wọ́n sì ti dàgbà.

Àrokò náà ni, àbí kí ni?

Ní oṣù keje, màmá yìí kan náà fi mọ́tò wọn gbé wa lọ sí Rühstädt. Abúlé kékeré ni, àmọ́ ó wà lára àwọn abúlé tí àkọ̀ pọ̀ sí jù ní Jámánì. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ẹyẹ ló ń pamọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, lórí òrùlé àwọn ènìyàn. Pápá etí Elbe tí omi máa ń bò ló ń fún wọn ní ọ̀pọ̀lọ́ àti ekòló. Láti 1996 ni wọ́n ti fún abúlé náà ní oyè abúlé àkọ̀ ti Yúróòpù. Àkọ̀ kì í kọrin. Ẹnu ló ń gbá mọ́ra, gba-gba-gba-gba, bí ìgbà tí ọmọdé ń fi igi họ ọgbà ọparun. Ara ilé ni wọ́n kọ ọdún àti iye ọmọ tí ẹyẹ orí rẹ̀ tọ́ yọ sí. Mo pọn ọmọ sẹ́yìn, mo ń kà á láti ilé dé ilé.

Tó bá di oṣù kẹjọ, wọ́n á gbéra lọ sí Áfíríkà. Àwọn ti ìhà yẹn ń gba Tọ́kì àti odò Náílì lọ. Àwọn ti ìwọ̀-oòrùn Jámánì ló ń gba Gibraltar wá sí ọ̀dọ̀ tiwa.

Ará Ìjẹ̀bú

Àǹtí, ẹ kú ewu ọmọ o. Ìpínlẹ̀ Niedersachsen ni tèmi. Mo rí kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́bàá ọ̀nà, ẹyin nínú rẹ̀, agolo tí wọ́n dá lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ń pe "ẹlẹ́yin o!" títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wá rántí ohun tí bàbá àgbà wa sọ: lójú ọ̀nà oko, wọ́n á kó ọjà sílẹ̀, wọ́n á to òkúta tì í, iye òkúta ni iye owó. Páálí ẹyin mẹ́wàá jẹ́ yúrò méjì ààbọ̀, márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi, ta ni mo fẹ́ gba ṣéńjì lọ́wọ́ ẹ̀? Mo gbé páálí méjì. Ẹyin la jẹ títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Bọ̀dá Bavaria

Ẹ má fi oyin sí i jù. Mo tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Aládùúgbò ò sọ̀rọ̀, ó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń wò mí títí mo fi pa ẹ̀rọ náà. Ní Mọ́ńdè, mo bá òfin nínú àpótí lẹ́tà mi: kò sí ti Sọ́ńdè, kò sí láti aago mẹ́jọ alẹ́ di méje àárọ̀. Ó fi yẹ́lò fàlà sí i. Àwa méjèèjì ò tíì sọ ọ́ jáde lẹ́nu di òní.

Ìyá Ọmọ Tuntun

Bọ̀dá, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé ohun kan. "Ọmọbìnrin ni" ni wọ́n kọ sí àyà àkọ̀ wa, wọ́n wá fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi ti fìgbà kan sọ fún màmá yẹn pé ọjọ́ kẹjọ la máa ń sọmọ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi gbọọrọ, wọ́n wá kọjú sí mi: níbo gan-an ni àmì abẹ́ "o" máa wà?