Ṣé kí n fi ìgbìmọ̀ àdúgbò sílẹ̀ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti máa darí kíkọ́ ilé ìtajà ńlá, láti orí wíwá ilẹ̀ àti gbígba ìwé àṣẹ títí dé orí wíwá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí yóò kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù, torí àwọn ni èrò ń tẹ̀ lé wá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́kàn. Mo tún wà nínú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè àdúgbò, níbi tí mo ti ń bójú tó ètò tí a fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́.

Ní báyìí, ilé iṣẹ́ wa fẹ́ kọ́lé sórí pápá tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń ṣeré, ìgbìmọ̀ wa ni yóò sì sọ èrò àdúgbò fún ìjọba. Mo ti jẹ́ kí alága àti ọ̀gá mi mọ̀. Alága ní kí n máa jáde tí wọ́n bá ń jíròrò rẹ̀, kí n má sì dìbò. Ọ̀gá mi ní kí n jókòó kí n gbèjà ilé iṣẹ́ wa. Ìyẹn ò bá mi lára mu rárá. Mo rò ó pé kí n kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀, àmọ́ ta ni yóò gba ètò àwọn ọ̀dọ́? Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ wa ti bi mí pé, "Ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an?"

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n máa jáde nígbà ìjíròrò ti tó, àbí kí n kúkú fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ pápá yóò fi yanjú? Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.