Tóbi ti rí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn D.O., bàbá rẹ̀ ní kó dúró de M.D.

Ìyá Tóbi (Houston): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn osteopathic aládàáni kan, tí wọ́n ti ń gboyè dókítà D.O., tí kò sí ní Texas ti gba Tóbi wọlé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ M.D., oyè dókítà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, kò tíì fọhùn. Bàbá rẹ̀ ní kì í ṣe iṣẹ́ egungun títò lòun tìtorí ẹ̀ ṣe dáboolù (ṣíìfìtì méjì) níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà láti ọjọ́ yìí. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní London ló tún wá koná mọ́ ọn: ó ní lọ́dọ̀ àwọn, osteopath kì í ṣe dókítà rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù ká san owó tí wọ́n á fi bá a di àyè rẹ̀ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Wálé (Lansing): Ẹ kú oríire ọmọ, mọ́mì. D.O. lèmi náà. Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn ní London, àmọ́ ti London ni. Ibẹ̀, ẹ̀yìn ríro àti oríkèé ara ni osteopath ń fọwọ́ tọ́jú, kì í kọ oògùn. Ní Amẹ́ríkà níbí, D.O. ń kọ oògùn, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ, kò sí ìpínlẹ̀ tí wọn ò ti gbà á. Nígbà tí Andrew Taylor Still dá ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Kirksville, Missouri, lọ́dún 1892, ẹ lè pè é ní egungun títò. Ohun tó kù nínú ẹ̀ báyìí ni OMM, ìyẹn fífi ọwọ́ tọ́jú egungun àti iṣan, nǹkan bíi 200 wákàtí, tí wọ́n ń fi kún ẹ̀kọ́ tí M.D. náà ń kọ́. Ẹ bá mi sọ fún dádì pé Sean Conley tó tọ́jú Trump nígbà tí kòrónà mú un ní 2020, D.O. ni. Kevin O'Connor tó jẹ́ dókítà Biden náà, D.O. ni.

Àǹtí Bísí (Atlanta): Wálé, ọ̀rọ̀ ààrẹ dùn-ún gbọ́, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Irú ilé ẹ̀kọ́ aládàáni bẹ́ẹ̀ lọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Wọn ò ní ilé ìwòsàn tiwọn. Nígbà tó dé ọdún kẹta, tó yẹ kó kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, ìlú dé ìlú ló ń kó ẹrù kiri, ó ń san owó ilé níbi tuntun, mọ́tò ò gbọ́dọ̀ bà jẹ́. Níbòmíì, òun àti dókítà kan ṣoṣo ni nínú kílíníìkì, kò rí ẹni tó ń ṣe residency (ìkọ́ṣẹ́ dókítà lẹ́yìn ilé ìwé) kó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tó wá di pé kó wá lẹ́tà ẹ̀rí tó rinlẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, ó di ẹ̀bẹ̀. Kí Tóbi béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin ibẹ̀, kó má bi ọ́fíìsì: ta ló ń wá ibi ìkọ́ṣẹ́, ilé ìwé ni àbí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀?

Wálé (Lansing): Àǹtí, mi ò jiyàn. Michigan State lèmi lọ, ti ìjọba ni, ìyẹn ò bá mi. Kí ni Tóbi fẹ́ ṣe gan-an? Láti 2020, abẹ́ ACGME, àjọ tó ń fọwọ́ sí i, kan náà ni gbogbo residency wà, lọ́dọọdún ló sì ń lé ní ìdá 90 nínú 100 àwọn D.O. tó ń jáde lọ tó ń rí àyè. Ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Caribbean ò sún mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan tàn yín lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìtọ́jú ọmọdé tàbí ìtọ́jú ìdílé ló wù ú, COMLEX, ìdánwò àwọn D.O., tó o. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìtọ́jú awọ ara, iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, tàbí etí-imú-ọ̀fun, M.D. ni wọ́n ṣì ń kọ́kọ́ wò. Kó fi USMLE, ìdánwò àwọn M.D., kún un, pàápàá Step 2 (ìpele kejì rẹ̀), torí láti 2022 wọn kì í fún èèyàn ní máàkì ní Step 1 mọ́: o yege, o ò yege. Ìdánwò méjì, owó méjì, orí kan.

Alàgbà Fẹ́mi (Maryland): Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ owó. Láti July 1, 2026, kò sí Grad PLUS, owó tí ìjọba ń yá àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yáwó. 50,000 dọ́là lọ́dún ni ìjọba máa yá a, kò sì lè kọjá 200,000 lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ D.O. aládàáni ń gba ohun tó ju 55,000 lọ́dún, kó tó jẹun, kó tó sanwó ilé. Báńkì ló máa yá a ní ìyókù, báńkì á sì béèrè onídùúró. Ìyá Tóbi, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Texas ni, ṣé ó kọ sí TCOM, ilé ẹ̀kọ́ D.O. tó wà ní Fort Worth? Ti ìpínlẹ̀ ni, owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti aládàáni. TMDSAS, fọ́ọ̀mù ti Texas, ni wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀ o, kì í ṣe AACOMAS tí wọ́n ń gbà wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ D.O. yòókù.

Ìyá Tóbi (Houston): Ó kọ ọ́, sà. Wọ́n ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, a ń retí èsì. Mo ka ọ̀rọ̀ onídùúró sétí bàbá rẹ̀, ó dákẹ́. Ó wá ní Fort Worth ò burú, pé ó sún mọ́lé. Mo ní D.O. nìyẹn náà o. Ó ní òun mọ̀.

Alàgbà Fẹ́mi (Maryland): 😂 Ẹ má tíì jẹ́ kí tàkọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ o, èsì Fort Worth lè pẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn lálẹ́ yìí, kí wọ́n fi kún ọjọ́ tí ẹ máa san owó yẹn. Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ó ṣeé gbà padà, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í dá a padà.