Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ṣé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa ṣì lè bọ́ lọ́wọ́ jíjá lọ́jọ́ Sọ́ńdè?

Ọmọ Lísàbí Kútọ̀ (Túsìdè, 23 oṣù karùn-ún 2023, àárọ̀)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ káàárọ̀ o. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ àná. Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù nínú yín kó bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín ní Kútọ̀ níbí ti pọ̀ tó.

A gbá ọ̀mì òdo sódo lálẹ́ àná, nílé onílé. Àwọn kan ní ká dúpẹ́ pé a rí póìntì kan. Ọpẹ́ kí ni? Kóòṣì mú àwọn méjì tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú tíìmù, ó ní kí wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wá to àwọn tó kù síwájú gólì bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù, àfìgbà tó ku díẹ̀ kí réfírì fọn fèrè la tó rí àyè gbá ọ̀kan tó dáa, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ló tún gbá a, gólì wọn sì dá a padà. Tíìmù tó ń wá bí kò ṣe ní í já sí líìgì ìsàlẹ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ti yege.

Èyí tó dùn mí jù ni ìwọ̀sí. Èèyàn mẹ́fà péré ló wà ní sẹ́ńtà tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù lálẹ́ àná, méjì nínú wọn ti sùn lọ. Alhaji kan tó jẹ́ ọmọ Arsenal ò jẹ́ ká sinmi, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń pariwo pé òkú tíìmù nìyẹn, ẹ yí i sí ìròyìn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ètò ìbúra ààrẹ tuntun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní kí n yí i, mi ò yí i. Ó bínú jáde, ó ta àga nípàá, àga ṣẹ́, ìkẹta nìyẹn lóṣù yìí. Àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ ọmọ Chelsea ń fi fọ́tò pósí ránṣẹ́ sí mi, Chelsea tí àwọn fúnra wọn ò sí nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ìyàwó mi ní bọ́ọ̀lù yìí máa jẹ owó oúnjẹ ilé tán. Epo jẹ́nẹ́ náà wà ńbẹ̀, iná ò sí láti Fúráìdé.

Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé a lè bọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Tí kò bá sọ́nà, kí n tètè mọ̀ kí n lè mọ ohun tí màá ṣe.

Tísà Ìbarà

Ẹ káàárọ̀ sà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, ẹ ò dárúkọ tíìmù.

Bàbá Àlàmú Àdátán

3SC, Shooting Stars Ìbàdàn ni, kí ló tún kù. Ṣebí ní 2017 náà ni wọ́n já, ó di 2021 kí wọ́n tó padà sókè. Èmi sunkún nígbà yẹn o, àgbàlagbà bíi tèmi.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ tòkèèrè nìkan lẹ mọ̀. Abẹ́òkúta níbí ni Abiola Babes wà. Wọ́n gba Challenge Cup, kọ́ọ̀pù Nàìjíríà, ní 1985, wọ́n tún gbà á ní 1987. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Àdátán lọ wò wọ́n, a ò ní owó ọkọ̀, èyí tá a ní a fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Níbo ni tíìmù yẹn wà lónìí? Kì í ṣe jíjá ló pa wọ́n. Tíìmù tó já ṣì wà láàyè, o ṣì lè lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tí ò sí mọ́ ni kó máa dùn yín.

Ṣẹ́gun Leeds

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe 3SC. Alẹ́ Mọ́ńdè, òdo sódo, nílé onílé: Leicester ló lọ bá Newcastle ní Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Maddison àti Barnes ni wọ́n fi sórí bẹ́ǹṣì.

Ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹ ṣì ń sunkún, kí làwa Leeds fẹ́ ṣe? Iye póìntì yín náà la ní, góòlù tiwa ló tún burú jù, West Ham ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 3-1 nà wá ni. Ilé-ìwé ni mo wà nígbà tá a já ní 2004, ọdún mẹ́rìndínlógún la fi wà nísàlẹ̀, mo ṣègbéyàwó, mo bímọ méjì kí n tó tún rí Leeds nínú Premier League. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ ìyà fún mi.

Ọmọ Lísàbí Kútọ̀

Leicester ni o. Ẹ má bínú pé mi ò sọ, ẹni tó bá mọ̀ mí ní Kútọ̀ mọ̀ pé tíìmù kan ṣoṣo ni mo ní.

Kẹ́ ẹ tó bi mí ìdí tí mo fi yan Leicester: mo ti wà ńbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2015 sí 2016, nígbà tí àwọn oníbẹ́ẹ̀tì ń pè wá ní 5000 sí 1, kò sẹ́ni tó gbà pé a lè gba líìgì, a sì gbà á. Lẹ́yìn náà ni Musa dé, Ndidi dé, Iheanacho dé. Ní 2021 tá a na Chelsea 1-0 ní Wembley tá a gba FA Cup, Ndidi àti Iheanacho, ọmọ wa méjèèjì, wà ńbẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi pé kí n lọ ṣe Man City.

Àwọn tó ń darí wa ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n jẹ́ kí Schmeichel lọ, wọn ò ra gólì gidi rọ́pò ẹ̀. Wọ́n ta Fofana fún Chelsea. Rodgers, kóòṣì wa nígbà yẹn, ń fìdí rẹmi, wọ́n ń wò ó, ó di oṣù kẹrin kí wọ́n tó lé e. Ẹ sì rántí pẹ́náritì tí Maddison gbá sáàárín gbùngbùn lọ́jọ́ tá a kojú Everton, tí Pickford gólì wọn kàn dúró síbẹ̀ mú un. 2-1 la ti wà nígbà yẹn. Tó bá wọlé, 3-1 ni, gbogbo ariwo yìí ò bá má sí.

Kọ́lá Iwobi

Pickford mọ ibi tó ń gbá a sí, ó ti kọ ọ́ sára ike omi rẹ̀. Iwobi ló sì dá góòlù kejì padà fún àwa Everton lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gba kádàrá o jàre.

Ṣẹ́gun Leeds

Kọ́lá, 33 péré lẹ ní. Tí kì í bá ṣe Mina tó gbá ti Wolves wọlé lọ́jọ́ Sátidé ní ìṣẹ́jú kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún, 32 lẹ ò bá wà. Calvert-Lewin ti ṣèṣe, ta ló fẹ́ gbá góòlù fún yín?

Kọ́lá Iwobi

Brighton náà bi wá bẹ́ẹ̀, a fi 5-1 nà wọ́n nílé wọn.

Tísà Ìbarà

Ẹ fi ìjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Southampton ti já. Nínú ẹ̀yin mẹ́ta tó kù, ẹnìkan ló máa yè. Everton 33, Leicester 31, Leeds 31. Everton ń gba Bournemouth lálejò, Leicester ń gba West Ham, Leeds ń gba Tottenham, gbogbo ẹ̀ aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè.

Ọ̀mì ò ṣe Leicester láǹfààní kankan, ẹ gbọ́dọ̀ wín. Tẹ́ ẹ bá wín, ẹ di 34. Tí Everton bá gbá ọ̀mì, àwọn náà di 34, ẹ̀yin lẹ máa wà lókè torí gbèsè góòlù (iye tí wọ́n gbá sáwọ̀n yín ju èyí tẹ́ ẹ gbá wọlé) tiyín 18 ni, tiwọn 24. Ṣùgbọ́n tí Everton bá wín, ó parí, kódà kẹ́ ẹ gbá mẹ́wàá sáwọ̀n West Ham. Leeds ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wín kí Leicester má wín, kí Everton sì pàdánù, tàbí tí Everton bá gbá ọ̀mì, kí Leeds fi ayò mẹ́ta na Tottenham.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé 34 kéré, West Ham ní 42 ní 2003 wọ́n sì já, West Brom ní 34 péré ní 2005 wọ́n sì yè. Ohun tí àwọn tó kù bá ṣe ló kù.

Èmi rò pé Leicester máa wín. West Ham ń lọ gbá fáínà kọ́ọ̀pù Yúróòpù pẹ̀lú Fiorentina ní Prague lọ́jọ́ keje oṣù tó ń bọ̀, wọn ò ní fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣèṣe. Ti Everton ló ń kọ mí lóminú. Bournemouth ti bọ́ lọ́wọ́ jíjá, kò sóhun tí wọ́n tún ń wá. Lóòótọ́, wọ́n fi 4-1 na Everton ní kọ́ọ̀pù ní oṣù kọkànlá tó kọjá, wọ́n tún fi 3-0 nà wọ́n nínú líìgì lọ́sẹ̀ kan náà. Àmọ́ Lampard ni kóòṣì Everton nígbà yẹn, Dyche ló wà ńbẹ̀ báyìí.

Ìyá Ìbejì Lafẹ́nwá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo yín ń ṣírò, kò sẹ́ni tó bi arákùnrin yìí nípa ìyàwó ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ tí ìyàwó yín sọ, ẹ kàn fò ó kọjá. Ẹ fún un lówó ọbẹ̀, kẹ́ ẹ sì yéé lọ sí sẹ́ńtà yẹn. Ọkọ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó di pé ó ń pa ìpàdé ẹbí tì torí Man U. Ẹ jókòó sílé, ẹ fi rédíò gbọ́ ọ.

Bàbá Àlàmú Àdátán

Òótọ́ lẹ sọ, màmá. Kó yéé lọ.

Ọmọ Lísàbí Kútọ̀

Mà, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mi ò lè yéé lọ.

Ìyá Ìbejì Lafẹ́nwá

Kí ló dé tẹ́ ò lè yéé lọ? Ẹ dúró ná. Mo tún padà lọ ka ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Ẹ ní wọ́n ní kẹ́ ẹ yí i, ẹ ò yí i. Ọwọ́ yín ni rímóòtù wà? Ẹ tún ń ka iye àga tó ṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ń ra epo. Bọ̀ọ̀dá, ta ló ni sẹ́ńtà yẹn?

Ọmọ Lísàbí Kútọ̀ (Wẹ́sìdè, òru)

Èmi ni.

Dekóda kan, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ni mo ní. Sẹ́ńtà yẹn là ń jẹ nílé wa, kì í ṣe fàájì lásán ló ń gbé mi lọ ibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyí: lọ́jọ́ Sọ́ńdè gbogbo máàṣì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Arsenal ń gbá Wolves, Man U ń gbá Fulham, Chelsea ń gbá Newcastle. Tí mo bá fi Arsenal hàn, sẹ́ńtà máa kún. Tí mo bá fi Leicester hàn, bóyá èmi nìkan ni màá wà ńbẹ̀. Láti oṣù kejì ni mo ti ń fi Leicester hàn ní gbogbo ìgbà tí aago wọn bá bára mu, àwọn oníbàárà mi ti ń lọ sí sẹ́ńtà tó wà lójú ọ̀nà Panṣẹ́kẹ́, ohun tí ìyàwó mi ń sọ nìyẹn.

Mo rò pé tẹ́ ẹ bá sọ pé kò sọ́nà, màá gba kámú, màá fi Arsenal hàn. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ọ̀nà wà, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ tó le jù.

Gunner Òkè-Ìlẹ̀wó

Ẹ má bínú o, ṣé sẹ́ńtà tó wà lẹ́yìn ọjà Kútọ̀ nìyẹn? Èmi ti sanwó Sọ́ńdè sílẹ̀ fún yín! Ọ̀ọ́dúnrún náírà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní Arsenal ni.

Tísà Ìbarà

Ẹ ti gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn?

Ọmọ Lísàbí Kútọ̀

Èèyàn méjìlélógún. Ìgbà tí Arsenal ṣì ń lé líìgì ni mo gbà á, mo fi ra epo. Arsenal ò ní nǹkan kan tí wọ́n ń wá mọ́, Forest ti na wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, City ti gbé líìgì lọ. Èmi rò pé wọ́n máa gbàgbé.

Gunner Òkè-Ìlẹ̀wó

Ta ló máa gbàgbé? Awoniyi ọmọ wa gbá a sáwọ̀n wa, inú ń bí mi, síbẹ̀ mo fẹ́ rí tíìmù mi ní ìgbẹ̀yìn sáà. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ nífẹ̀ẹ́ tíìmù.

Tísà Ìbarà

Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Mo ti sọ pé Leicester máa wín, mi ò gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ṣùgbọ́n kódà kí wọ́n ní ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àdéhùn làdéhùn. Arsenal lẹ máa fi hàn.

Bàbá Àlàmú Àdátán

Arsenal ni. Ọmọ Ẹ̀gbá kì í gbowó olówó kó yíhùn padà. Fi Arsenal hàn, kó o gbé fóònù sétí.

Ṣẹ́gun Leeds

Èmi mọ bó ṣe ń rí o. Kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé fóònù sétí gbọ́.

Ìyá Ìbejì Lafẹ́nwá

Bọ̀ọ̀dá, ọkọ mi ti rìnrìn àjò, títí ìparí oṣù ni wọ́n sanwó dekóda wa dé, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹ wá gbé e, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà ní yàrá àwọn ọmọ. Ẹ fi Arsenal hàn nínú ilé fún àwọn tó sanwó, kẹ́ ẹ wo tiyín ní bàrándà. Kí ìyàwó yín ló wá gbé e, kó má ṣe ẹ̀yin. Mo fẹ́ rí i.

Ọmọ Lísàbí Kútọ̀

Ẹ ṣé mà. Mo ti ka èyí sétí ìyàwó mi. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ọmọ Lísàbí Kútọ̀ (Sọ́ńdè, alẹ́)

Barnes gbá tiwa wọlé ní ìṣẹ́jú 34. Mo pariwo débi pé àwọn ọmọ Arsenal sáré jáde láti inú ilé wá wò mí. Fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún gbáko, àwa la wà lókè, Everton ló wà nísàlẹ̀. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń bi mí ṣé ó ti parí, mo ní kò tíì parí.

Doucouré gbá ti Everton wọlé láti òkèèrè ní ìṣẹ́jú 57. Faes tún fi orí kan ìkejì fún wa, West Ham dá ọ̀kan padà, a wín 2-1. A ṣe tiwa. Wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ti Everton, Alhaji tó ta àga nípàá jáde wá, ó dúró lẹ́yìn mi, kò sọ nǹkan kan, òun náà ń bá mi retí kí Bournemouth dá a padà. Wọn ò dá a padà.

Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló sanwó nínú ilé. Arsenal gbá márùn-ún.

Ṣẹ́gun, mo rí ti Tottenham, ẹ pẹ̀lẹ́. Tísà, ẹ ṣe é re. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi máa gbé dekóda yín wá láàárọ̀ ọ̀la kí àwọn èèyàn tó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n wo ìbúra. Ẹni tó bá mọ̀ bóyá wọ́n ń fi máàṣì Championship, líìgì ìsàlẹ̀ tá a já sí, hàn, àti ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀, kó bá mi kọ ọ́ síbí.