Òkè àti ojú ọjọ́, láti ìgbà tí ọyẹ́ bá lọ títí di Òkúdu: ẹ sọ ìrírí yín

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan béèrè pé ìgbà wo ló dáa jù láti lọ ya fọ́tò àwọn òkè Òkè-Ògùn, ọ̀pọ̀ sì dá a lóhùn pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, torí pé ọ̀nà gbẹ, òjò ò sì ní dí èèyàn lọ́wọ́. Èmi ò gbà. Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, fọ́tò òde ìnáwó ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n bí Ẹrẹ́nà bá ti wọlé, ọkàn mi kì í sí nílé mọ́. Òjò gan-an ni ká máa wá lọ.

Ẹ wo ohun tí ọyẹ́ ń ṣe. Atẹ́gùn gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ ń kó eruku wá, eruku yẹn á sì gba ojú ọ̀run kan. Ẹ wá fi èéfín igbó jíjó kún un. Bí ẹ bá dúró lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn nínú Èrèlé, òkè tó yẹ kí ẹ rí kedere á kàn máa hàn bàìbàì ni. Kò sí kámẹ́rà, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè rí ohun tí eruku ti bò. Àfi ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá dé, tí ìjì jà, tí àrá sán, tí òjò wá da eruku yẹn sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ ó máa rí ìlà kọ̀ọ̀kan lára àpáta láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ tètè lọ o, torí nínú Ẹrẹ́nà ọyẹ́ ṣì lè yọjú padà.

Òkè Adó-Àwáyè ni mo máa ń lọ jù. Màá gba Faṣọ́lá kọjá sí Ìsẹ́yìn, màá wá gun ọ̀kadà débẹ̀. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sára òkè náà ju ìpele 350 lọ, ẹ mú omi dání. Òkè lọ́hùn-ún ni adágún Ìyákẹ̀ wà, tó jókòó sórí àpáta, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì mọ̀. Fọ́tò adágún yẹn ni gbogbo ayé ń yà, èmi náà ti yà á, ṣùgbọ́n ara àpáta ló máa ń dá mi dúró. Ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wò ó. Àwọn ìlà dúdú tó ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe èéfín. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín, tí ojú lásán ò lè rí, ló ń gbé ibi tí omi òjò máa ń ṣàn gbà, àwọn ló kun ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn wọ́n á gbẹ, wọ́n á ṣá. Bí òjò bá rọ̀ tán tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì bà wọ́n, gbogbo ìlà yẹn á máa dán gbinrin láti orí òkè dé ìdí rẹ̀, nínú pàlàpálá àpáta koríko á ti yọ ọ̀mùnú. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ níbẹ̀, ó máa ń yọ̀ gan-an.

Ní ti ibi tí ẹ máa dúró sí: ìjì àsìkò yìí, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá, ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ. Àwa ará Ọ̀yọ́, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo la ti ń rí i tó ń ṣú. Nígbà tó bá ń ṣú bọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti wà ní apá kejì, kò sì tíì wọ̀. Ẹ bọ́ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn òkè, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ìmọ́lẹ̀ á kún ara òkè, ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì dúdú bí aró. Kò ní pẹ́ tí àwọsánmà á fi bo oòrùn, nítorí náà ẹ ti to nǹkan yín sílẹ̀. Mo máa ń lo f/8 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó) àti ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) lórí sítáǹdì, màá sì yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe. Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú òkè, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, torí fóònù á fẹ́ sọ ọ̀run dúdú yẹn di funfun, ẹwà rẹ̀ á sì lọ.

Òṣùmàrè náà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kí ẹ tó wá a. Kì í yọ lọ́sàn-án gangan, torí ó dìgbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 42 (dígírì) lọ lójú ọ̀run. Ọ̀sán Igbe kò wúlò fún fọ́tò òkè rárá. Nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà, nítorí náà nínú oṣù yẹn oòrùn máa ń wà gbọnrangandan lórí wa. Òjìji ò ní sí, gbogbo òkè á sì rí pẹlẹbẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ni mo máa ń jókòó sí nígbà yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú Igbe, èmi àti ọmọkùnrin ará ìlú tó ń mú mi gòkè wà lórí àpáta. Ó ń sọ ti òkúta Ìṣagẹ fún mi, pé bí ọ̀dá bá dá, aṣọ funfun ni àwọn àgbà fi ń bò ó kí òjò lè rọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀kalẹ̀." Èmi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí a fi máa dé agbede àtẹ̀gùn, mànàmáná ti ń kọ. Ìdí òkè la wà nígbà tí òjò dé, inú mọ́tò kan tí wọ́n gbà wá sí ni mo ti ya fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti yà: òjò dúró gbọọrọ lórí pápá, ìdajì òkè wà nínú oòrùn, ìdajì ti wọ inú òkùnkùn.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dúró sórí àpáta gbalasa nígbà tí àrá bá ń sán. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá, a kì í fojú di Ṣàngó. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kí ẹ tó ka 30, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má sá sábẹ́ igi. Ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìró tó kẹ́yìn kí ẹ tó padà gòkè.

*

Ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́:

Ọmọ mi, o ṣé o, o ò ní rí ìjà àrá. Èmi ò ní kámẹ́rà, èlùbọ́ ni mò ń tà, fóònù tí ọmọ mi rà fún mi ni mo fi ń yà á. Ọ̀nà Ìkòyí-Ilé la ń gbà lọ ra ọjà ní Ìgbẹ́tì, ìdájí la sì máa ń gbéra. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú nínú Èbìbí tàbí Òkúdu, kùrukùru á bo gbogbo oko, orí òkè nìkan ni wàá rí tó yọ sókè. Màá ní kí dírẹ́bà dúró. Àwọn tá a jọ wà nínú ọkọ̀ ti máa ń kùn tẹ́lẹ̀ pé ọjà ń lọ. Ní báyìí, àwọn náà ti ń na fóònù síta. Láìpẹ́ yìí, àgbẹ̀ kan gun ọ̀kadà jáde látinú kùrukùru, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo kígbe. Ṣùgbọ́n kùrukùru tó funfun lójú mi, bó bá dénú fóònù, àwọ̀ eérú ló ń ní. Kí ló dé?

*

Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ ó tà á lérè. Fóònù yín ló rí funfun púpọ̀, tó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ló bá dín in kù. Òdìkejì ohun tí mo sọ nípa òjò tó ń ṣú lẹ máa ṣe: ẹ fi ìka tẹ kùrukùru yẹn, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ti yọ fóònù sí atẹ́gùn ìta ṣáájú kí ẹ tó débẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á sẹ̀ sójú lẹ́ńsì rẹ̀, bí ẹ bá sì nù ún, á tún sẹ̀. Àgbẹ̀ tí ẹ sọ yẹn, irú rẹ̀ ni kí ẹ máa wá. Bí kò bá sí èèyàn nísàlẹ̀ òkè, ẹni tó ń wo fọ́tò ò ní mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́tò náà síbí ká rí i, bó tiẹ̀ ní àwọ̀ eérú.